Ta Ló Gbé Ọ Dé Ibí? Àkọsílẹ̀ Òkè Ìdáàṣà, Màíkírófíìmù àti Ìtàn Ṣíṣí Kábínẹ́ẹ̀tì Onírin

Àkótán

Àpilẹ̀kọ yìí tẹ̀lé ìrìn àwọn ìwé ìjọba amúnisìn tó sọ̀rọ̀ nípa òkè Ìdáàṣà (Dassa-Zoumè), láti ọ́fíìsì cercle dé Àjàṣẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Dakar, títí wọ́n fi di màíkírófíìmù nínú kábínẹ́ẹ̀tì onírin. Kókó rẹ̀ ni pé ìgbà tí a bá ń ṣí irú kábínẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn jẹ́ ara ìtàn ìwé náà fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tí a máa ń fi lé àwọn alárù lọ́wọ́ nìkan yìí kan òpìtàn gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ètò tí fíìmù wà nínú dúrọ́ọ̀ ló jẹ́ kí a lè rí i kà.

1. Ìbéèrè

Orísun méjì ni ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Ìdáàṣà ní. Èkíní ni ẹnu àwọn àgbà: oríkì, ìtàn ìdílé, ìtàn Jagun Ọlọ́fin àti ìran Ọmọjagun tó jọba ní ilẹ̀ olókè mọ́kànlélógójì náà. Èkejì ni ìwé tí àwọn aláṣẹ Faransé kọ lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun ìjọba Dànhọmẹ̀. Bíọ́dún Adédìran gbára lé ìtàn àtẹnudẹ́nu gan-an nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìlú ààlà ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá, èyí tó jáde ní 1994. A. I. Aṣíwájú ní tirẹ̀ tú ìwé ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì wò fún ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó.

Bí a bá jókòó ti àgbàlagbà kan, a máa ń bi í léèrè pé: Bàbá, ta ló sọ ọ́ fún yín? Ta ló sọ ọ́ fún ẹni yẹn? Bí ìtàn náà ṣe gba ẹnu dé ẹnu la fi ń wọn ìwúwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sábà bi ìwé ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. A ó ṣí i, a ó kà á, a ó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, ó parí. Ta ló gbé e dé ibí? Inú kí ni wọ́n gbé e sí? Ta ló kà wọ́n níye nígbà tí wọ́n gbéra, ta ló sì tún wọn kà nígbà tí wọ́n sọ̀? Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ bi fíìmù nìyẹn.

2. Láti ẹsẹ̀ òkè dé Dakar

Òkè ni ààbò àwọn ará Ìdáàṣà. Nígbà tí ogun Dànhọmẹ̀ ń jà káàkiri ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, láyé Gézò àti Gléglé, orí àpáta ni àwọn ènìyàn ń sá gùn. Ohun tí ẹni tó ń sá gòkè lè gbé kò pọ̀: ọmọ, oúnjẹ díẹ̀, nǹkan òrìṣà. Ohun tí ọkàn gbé, ìyẹn orúkọ, oríkì, ẹni tó bí ẹnì kan àti ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan pin sí, kò gba ààyè lórí òṣùká. Ìdí kan nìyí tí ìtàn àtẹnudẹ́nu fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Béhanzin jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún àwọn Faransé ní oṣù Kìíní 1894. Lẹ́yìn náà, Ìdáàṣà bọ́ sábẹ́ cercle Savalou, ìwé sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: ìròyìn oṣooṣù, orúkọ àwọn olórí abúlé, owó orí, ẹjọ́ ilẹ̀, iye ènìyàn tí wọ́n kó lọ ṣiṣẹ́ ojú irin. Ìròyìn cercle ń lọ sí Àjàṣẹ́, níbi tí gómìnà Dahomey wà. Láti inú wọn ni ọ́fíìsì gómìnà ti ń ṣe àkópọ̀ tó ń lọ bá gómìnà àgbà ìjọba AOF. Wọ́n dá AOF sílẹ̀ ní 1895, olú-ìlú rẹ̀ sì kúrò ní Saint-Louis lọ sí Dakar ní 1902.

Kí ọkọ̀ ojú irin tó wọ ilẹ̀ wa, orí àwọn alárù ni ẹrù ìjọba ń gbà lọ, àti ìwé àti àga ọ̀gá. Ẹrù ẹni kan kì í sábà ju nǹkan bí kílò 25 sí 30 lọ, nítorí pé ẹni tó rù ú ní láti rìn dé ibùsọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní 1900 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Kùtọnu, ó gba Ìdáàṣà kọjá, ó sì dé Ṣábẹ̀ẹ́ ní 1911. Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n ẹrù alárù yẹn sọ́kàn, nítorí pé a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1913 ni àṣẹ jáde ní Dakar pé kí gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ AOF to ìwé wọn sí abala tí a fi lẹ́tà àti nọ́ńbà mọ̀. Ní 1914 ni ilé ìpamọ́ ìwé ti Dahomey bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Láti inú ètò yẹn ni àwọn àmì tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ títí di òní ti wá: 2G fún ìròyìn ìgbàdégbà ní Dakar, 8G fún ọ̀rọ̀ ìṣèlú Dahomey, 1E fún ọ̀rọ̀ ìṣèlú ní Àjàṣẹ́.

Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, ìbéèrè dìde pé ta ló ni ìwé. Púpọ̀ nínú ìwé AEF fi Brazzaville sílẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Faransé, èyí tó pọ̀ nínú ti Algeria náà sì lọ. Ti AOF kò lọ, Dakar ló wà di òní. Ohun tí Faransé gbà ni ẹ̀dà: wọ́n ya ìwé Dakar sórí màíkírófíìmù, àwọn fíìmù náà sì wà ní Aix-en-Provence, nínú ilé ìpamọ́ ìwé òkè òkun tí wọ́n ṣí ní 1966. Bí ìròyìn nípa òkè Ìdáàṣà ṣe di ohun tí ènìyàn lè kà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé nìyí, láìjẹ́ pé ìwé rẹ̀ kúrò ní Dakar rí. Àwọn ilé ìkàwé Amẹ́ríkà náà para pọ̀ ní 1963, wọ́n dá ẹgbẹ́ CAMP sílẹ̀ láti máa ya ìwé àti ìwé ìròyìn Áfíríkà sórí fíìmù. Chicago ni àkójọ tiwọn wà.

3. Ohun fúyẹ́ tó di ohun wúwo

Nítorí ìfúyẹ́ ni wọ́n ṣe dá màíkírófíìmù. John Benjamin Dancer ya ìwé kéékèèké ní 1839. Ní 1859, René Dagron gba ìwé àṣẹ lórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Paris. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Prussia sé ìlú Paris mọ́ ní 1870, Dagron bá bàlúù jáde nílùú ní oṣù Kọkànlá láti lọ máa ya lẹ́tà sórí fíìmù tín-ín-rín. Ìdí ìrù ẹyẹlé ni wọ́n ń so fíìmù náà mọ́, ẹyẹlé kan ṣoṣo sì lè gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà wọlé.

Ohun tí ẹyẹlé ń gbé nígbà náà ni ọkùnrin mẹ́rin kò lè gbé lónìí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Róòlù fíìmù mìlímítà 35 kan, pẹ̀lú páálí rẹ̀, wúwo tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kílò. Ọmọdé lè gbé e. Bí dúrọ́ọ̀ kan, ìyẹn àpótí tí a ń fà jáde lára kábínẹ́ẹ̀tì, bá gba 100 róòlù, kílò 25 nìyẹn. Bí kábínẹ́ẹ̀tì bá ní dúrọ́ọ̀ 10, fíìmù inú rẹ̀ nìkan ti di kílò 250. Fi irin kábínẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kún un, ó lè tó kílò 400 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ìwúwo yìí sì dúró lórí ilẹ̀ tí kò ju ìdajì mítà onígun mẹ́rin lọ.

Ìlànà ìkọ́lé ilẹ̀ Yúróòpù dá a lábàá pé kí ilẹ̀ ilé tí a fẹ́ kó ìwé jọ sí lè gba 7.5 kN lórí mítà onígun mẹ́rin kan, ìyẹn nǹkan bí kílò 750. Ní ilẹ̀ Faransé, 2.5 kN ni wọ́n ń fojú sùn fún ọ́fíìsì lásán láti ọjọ́ pípẹ́. Kábínẹ́ẹ̀tì tí a ṣírò yìí ń tẹ ibi tó dúró sí bí ẹni pé kílò 800 wà lórí mítà kan. Òótọ́ ni pé àyè tí a fi sílẹ̀ láàárín àwọn kábínẹ́ẹ̀tì ń pín ìwúwo náà ká, ẹnjiníà sì máa ń wo gbogbo ilẹ̀ yàrá pọ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ mẹ́wàá sí ọ́fíìsì òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ti fi ẹ̀mí àwọn tó wà nísàlẹ̀ wewu.

4. Ìgbà ṣíṣí ni ìgbà sísọnù

Ilé ìpamọ́ kì í dúró sójú kan. Ní 1986, ìwé iléeṣẹ́ tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ amúnisìn kúrò ní òpópónà Oudinot ní Paris lọ sí Aix. Ní Dakar, ìwé AOF tó ti pẹ́ ní ilé ńlá tí wọ́n ń pè ní Building administratif ṣí lọ sí ilé Central Park ní òpópónà Malick Sy, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ilé ńlá náà ṣe. Ní ìhà tiwa níhìn-ín, University of Ifẹ̀ ṣí kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní oṣù Kìíní 1967, ilé ìkàwé rẹ̀ sì ní láti bá a lọ. Kò sí ilé ìkàwé ńlá kan tí kò ní irú ìtàn yìí, bí kò bá jẹ́ láti ìlú dé ìlú, á jẹ́ láti àjà kejì sí ìsàlẹ̀.

Bí ìwé lásán bá bọ́ sí àárín ẹlòmíràn lójú ọ̀nà, ẹni tó bá ṣí i yóò rí i pé kì í ṣe ibí ni ilé rẹ̀. Fíìmù kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àfi kí a gbé e sórí ẹ̀rọ, kí a yí i, kí a tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ní 1,000 róòlù tó dàrú, tí a sì ń fi ìṣẹ́jú márùn-ún wo ọ̀kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ wákàtí 83 ló dé yẹn láìsinmi. Ilé ìkàwé wo ló ní òṣìṣẹ́ tí yóò ṣe é? Páálí kò yí padà, nọ́ńbà ara rẹ̀ kò yí padà, ó kàn jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Nínú yàrá ìkàwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́, páálí tó yẹ kó ní ìròyìn Dahomey nínú ní ti ilẹ̀ mìíràn. Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn sọ pé láti ìgbà tí àwọn ti ṣí ni. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni wọ́n ṣe ṣí.

Ti Ìdáàṣà tún le ju ti àwọn ìlú mìíràn lọ, nítorí orúkọ. Ìlú kan náà ni Dassa, Dassa-Zoumé, Dassa-Zoumè, Idaisa, Idatcha àti Ìdáàṣà. Bí ẹni tó ń ṣí fíìmù bá fi orúkọ to nǹkan, ìlú wa yóò wà ní D, yóò sì tún wà ní I. Ẹni tó bá ń wá ìwé lórí ẹjọ́ ilẹ̀ tàbí lórí oyè, tí ìdílé rẹ̀ ti ń dúró dè, lè gbà pé ìwé náà kò sí rárá. Ohun tó wà nínú ewu nígbà tí kábínẹ́ẹ̀tì bá ń mì lórí táyà nìyẹn. Fíìmù lè má já, irin lè má tẹ̀, kí ẹ̀rí ìdílé kan sì ti sọnù síbẹ̀.

5. Bí a ṣe lè ṣí i

Àwọn àgbà ní ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í le. Nínú iṣẹ́ yìí, kíkà ni ẹ̀sọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kábínẹ́ẹ̀tì, kí a ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí kábínẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà, kí dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí a kọ róòlù àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn nínú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú iye tó wà láàárín wọn. Nọ́ńbà ni kí a máa tẹ̀ lé, kì í ṣe orúkọ ìlú. Bí a bá ti ń kà, kí a máa fi imú gbóòórùn. Fíìmù àtijọ́ tí a fi asitéètì ṣe máa ń rùn bí fíníkà nígbà tó bá ń kú lọ, ẹ̀fúùfù tó ń jáde lára rẹ̀ sì ń ba àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́. Irú èyí gbọ́dọ̀ ní àpótí tirẹ̀, kì í bá ti políẹ́sítà wọ ọkọ̀ kan náà.

Lẹ́yìn náà, kí a tú ẹrù. Kò yẹ kí a gbé kábínẹ́ẹ̀tì tó kún. Òkè la ti ń tú u wá sísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ la sì ti ń kó o padà lọ sókè nígbà tí a bá dé ibi tuntun, kí ìwúwo rẹ̀ lè máa wà nísàlẹ̀ nígbà gbogbo. Dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo ni kí a fà jáde lẹ́ẹ̀kan. Bí méjì tàbí mẹ́ta bá jáde pọ̀, iwájú kábínẹ́ẹ̀tì á wúwo ju ẹ̀yìn lọ, á sì wó lu ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Àwọn kábínẹ́ẹ̀tì mìíràn ní irin kan nínú tí kì í jẹ́ kí dúrọ́ọ̀ kejì ṣí. Kí a má ṣe gbára lé e, irin tó ti gbó lè ti kú.

Níbí ni ẹrù alárù ti padà bá wa. Dúrọ́ọ̀ tó kún tí a yọ jáde jẹ́ kílò 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n tí orí ènìyàn ń gbé la igbó kọjá kí ojú irin tó dé. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe àdéhùn nọ́ńbà 127 ní 1967 lórí ẹrù tí ènìyàn lè gbé, ó sì fi kílò 55 ṣe òdiwọ̀n fún àgbàlagbà ọkùnrin nínú ìmọ̀ràn tó bá a rìn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé fi kílò 25 ṣe ti obìnrin. Àwọn alárù ayé ìgbà yẹn kò ní àdéhùn kankan, tipátipá ni wọ́n fi ru púpọ̀ nínú ẹrù náà. Kò yẹ kí a fi ẹ̀yìn àwọn ọmọ wọn san gbèsè ìkánjú wa. Bí dúrọ́ọ̀ bá ju agbára ẹnì kan lọ, kí ẹni méjì gbé e, tàbí kí a pín róòlù rẹ̀ sínú páálí méjì tí a kọ nọ́ńbà kan náà sí, kí a fi A àti B yà wọ́n.

Kábínẹ́ẹ̀tì tó ti ṣófo ṣì wúwo. Kí a ti gbogbo dúrọ́ọ̀ tó kù nínú rẹ̀ pa, kí a fi bẹ́líìtì dè é yíká, kí a fi aṣọ tó nípọn wé e. Ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù sókè díẹ̀ lórí táyà kéékèèké, èyí tí àwọn ará Kùtọnu ń pè ní transpalette, ló yẹ ẹ́ ní ilẹ̀ tó tẹ́jú. Pusupúsù onígi tí a fi ń kó iṣu lọ́jà kò yẹ ẹ́, táyà rẹ̀ kò ní dẹ́kun mímì. Kí ẹnì kan ti rin ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀, kó wọn ẹnu ọ̀nà, kó wo ibi tí ilẹ̀ ti ga ju ara wọn lọ. Ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró sí ìsàlẹ̀ ẹrù. Ẹni tó bá dàgbà lẹ́sẹ̀ òkè kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un.

Ojú ọjọ́ náà ní tirẹ̀. Fíìmù políẹ́sítà tí a fẹ́ kó pẹ́ ń fẹ́ yàrá tí kò gbóná ju 21°C lọ, tí ọ̀rinrin rẹ̀ wà láàárín 20 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá gbé e láti inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ sí ìta Kùtọnu, omi yóò là sí i lára bó ṣe ń là sára ìgò omi tútù. Nítorí náà, kí páálí wà ní dídè, kó dúró títí ara rẹ̀ yóò fi bá ti ìta dọ́gba, kí a tó ṣí i. Àkókò ọyẹ́ dára ju ìgbà òjò lọ fún ìrìn, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ ń ha fíìmù. Ọ̀rọ̀ ìdè náà ló tún padà sí.

Bí a bá dé ibi tuntun, kí ẹni tó kà á níbẹ̀rẹ̀ tún un kà lójú ẹlòmíràn, kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Kí a mú róòlù mélòó kan nínú dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí a gbé wọn sórí ẹ̀rọ, kí a rí i pé ohun tí páálí sọ ni fíìmù ń sọ.

6. Ohun tó kan Ìdáàṣà

Àwọn kan á sọ pé ayé kọ̀ǹpútà la wà, ta ló tún ń wo fíìmù? Àmọ́ bí àwòrán orí kọ̀ǹpútà bá fọ́, tàbí tí ojú ewé kan kò hàn, inú fíìmù la máa ń padà sí. Fíìmù tó dàrú kí wọ́n tó gbé e sórí kọ̀ǹpútà yóò gbé ìdàrú rẹ̀ wọ ibẹ̀, yóò sì máa tàn kálẹ̀.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ fi síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Àkọ́kọ́, ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n ń ṣí ilé ìpamọ́ kan, pẹ̀lú iye, nọ́ńbà, ọjọ́ àti orúkọ àwọn tó kà á, jẹ́ ìwé ìtàn. Kí a má ṣe jù ú nù nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Èkejì, kí òpìtàn tó bá lo fíìmù kọ nọ́ńbà róòlù àti nọ́ńbà ìwé tí wọ́n yà pa pọ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ọ̀nà méjì gbà bí ọ̀kan bá dí. Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀dà àwọn fíìmù wọ̀nyí bá padà wá sí ẹsẹ̀ òkè lọ́jọ́ kan, kí ilé tí yóò gbà wọ́n wà nísàlẹ̀, kì í ṣe lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àpáta Ìdáàṣà ti gba ìwúwo tó ju ìyẹn lọ. Kí ẹnì kan tó mọ orúkọ àwọn abúlé wa, tó lè mọ Idatcha àti Idaisa sí ìlú kan ṣoṣo, wà lára àwọn tí yóò kà wọ́n wọlé.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kọ àwọn ìwé yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti ṣí wọn, kò sì sí èyí tí wọ́n pe àwọn ará Ìdáàṣà sí. Ìbéèrè tí a ń bi àwọn àgbà ló yẹ kí a máa bi fíìmù: ta ló gbé ọ dé ibí? Ẹni tó bá ṣí kábínẹ́ẹ̀tì dáadáa ti kọ ìdáhùn sílẹ̀ de ẹni tí yóò béèrè.